Ewé Tí Kò Fẹ́ Gbó

Ẹni tí kò bá lè fi eyín fọ́ èso òdòdó-oòrùn, kó sì tu èèpo rẹ̀ dànù láìfọwọ́ kàn án, kò yẹ kí wọ́n fi jẹ ọ̀gá lé wa lórí ní agbègbè Dobrudzha yìí. Mo ti sọ ọ́, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Brezov kò mọ̀ ọ́n fọ́. Láti Sofia, olú ìlú, ni wọ́n ti gbé e wá, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun báláú, wọ́n sì fi jẹ ọ̀gá pátápátá ní ilé ìwádìí tí èmi Kerana ti ń wọn èso láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ló ní kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn: A KÒ GBỌDỌ̀ FỌ́ ÈSO NÍBÍ. Ó ní ìwà ará oko ni. Ilé ìwádìí irúgbìn olóròóró, láàárín oko, ará oko ló kún inú rẹ̀, ìwà ta ló wá fẹ́ ká máa hù?

Lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tí kì í fọ́ èso. A ń fọ́ ọ níbi òkú, a ń fọ́ ọ níbi bọ́ọ̀lù. Ìyá mi fọ́ ọ títí eyín iwájú rẹ̀ fi dá kòtò. Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n fọ́ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Bí ọmọ inú rẹ̀ bá yó, á dún “kẹ́”, òróró á kan ahọ́n. Bó bá ṣófo, èèpo á kàn tẹ̀ “pẹ̀”, o ò ní rí nǹkan kan gbé mì. Brezov wá di ẹnu òṣùwọ̀n tó dára jù ní gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa, ó sì rò pé ìmọ́tótó lòun ń ṣe.

Oògùn kan ló gbé e wá. Gbogbo ohun tó ń hù ló ní oje kan nínú ara tó ń pàṣẹ fún un: eléyìí á ní kí igi ga, ìyẹn á ní kí èso já, òmíràn á ní kí ewé má tíì gbó. Họ́mónù ni wọ́n ń pè wọ́n. Èyí tí kì í jẹ́ kí ewé gbó yìí ni Brezov pò mọ́ omi, tó sọ ní Tútù-Yọ̀yọ̀, tó ní ká máa fín sára òdòdó-oòrùn. Àlàyé rẹ̀ dùn létí o. Ó ní ewé ni ilé ìdáná irúgbìn, òun ló ń fi oòrùn àti omi àti afẹ́fẹ́ se oúnjẹ. Bí iná ilé ìdáná kò bá tètè kú, oúnjẹ á pọ̀, èso á yó, òróró á ṣàn. Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá wa àtijọ́, Dókítà Ganeva, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ti fín irú rẹ̀ rí, díẹ̀ báyìí, sára orí òdòdó nìkan, èso náà sì wúwo díẹ̀ sí i. Ọwọ́ mi ni mo fi wọ̀n wọ́n.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ kì í hàn láti títì. Ohun tó bí Brezov nínú nìyẹn. Nígbà tó fín in níwọ̀n bí ìwé ṣe wí, ó lọ dúró létí títì, ó fẹ́ ya fọ́tò, kò sì rí ìyàtọ̀ kankan láàárín ibi tó fín àti ibi tí kò fín. Ló bá ní kí wọ́n sọ oògùn di ìlọ́po mẹ́rin, kí wọ́n fi wẹ ewé látòkè délẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì nítorí owó, mo ti rí ẹni tó ń ṣe é nítorí orúkọ. Brezov nìkan ni mo rí tó ń ṣe é fún àwọn tó ń sáré kọjá nínú mọ́tò.

Ó hàn láti títì lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí oṣù kẹjọ wọlé, ewé ìsàlẹ̀ gbogbo òdòdó tó kù lóko ilé ìwádìí ti ń pọ́n, ó ń gbẹ, bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ti Brezov tutù yọ̀yọ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń fi há ewé bí ẹni há aṣọ sórí okùn, ẹ̀rọ náà ń ka bí ewé ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, òǹkà rẹ̀ sì ń lọ sókè lójoojúmọ́. Ó ń fò kiri. Kò sí ẹni tó ní kó wo èso.

Èmi wò ó. Ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun kan, mo wọ àárín ilà lọ, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí olè, mo já èso lára orí tí wọ́n fín, mo fọ́ ọ. Pẹ̀. Mo fọ́ òmíràn, pẹ̀. Mo fọ́ tó ogún, bóyá mẹ́rin ló ní nǹkan gidi nínú. Mo sọdá sí ibi tí wọn ò fín: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo padà sídìí òṣùwọ̀n mi, mo ka ẹgbẹ̀rún èso láti apá kọ̀ọ̀kan, mo wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tí wọn ò fín jẹ́ gíráàmù méjìdínlọ́gọ́ta. Èyí tí wọ́n fín jẹ́ mọ́kànlélógójì.

Kò yà mí lẹ́nu. Dókítà Ganeva ti kọ́ wa ní ìwà họ́mónù yẹn: ibi tí o bá fi sí ló ń pe oúnjẹ sí. Fi díẹ̀ sí orí òdòdó, oúnjẹ á gòkè lọ bá èso. Fi rin ewé gbingbin, ewé á di ṣúgà àti nitrojin rẹ̀ mú, kò ní jẹ́ kó lọ. Ewé tó yẹ kó gbó, kó tú ẹrù rẹ̀ fún ọmọ, kó sì kú jẹ́jẹ́, á jókòó, á máa dán. Alásè se oúnjẹ tán, ó tilẹ̀kùn mọ́rí, ebi ń pa ọmọ níta.

Ká ní oko ilé ìwádìí nìkan ni, ǹ bá fi rẹ́rìn-ín ni, kí n máa bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n àbúrò mi wà níbẹ̀. Radoy ló ń ro ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀, hẹ́kítà mẹ́rìnlá, òun nìkan ló ṣẹ́kù ní àárín oko ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ti gba gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká. Ọ̀dá ti pa á ní ọdún méjì léraléra. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé bí tọdún yìí bá tún bàjẹ́, ilẹ̀ Bàbá á bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ó pẹ́ kó tó gbìn, nítorí náà òdòdó tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná ni. Oko yìí ni Brezov ní òun fẹ́ fín ní ọjọ́ Ajé, lójú tẹlifíṣọ̀n. Àgbá oògùn mẹ́ta ti wà ní àgbàlá Radoy láti Ọjọ́rú. Ẹ béèrè ìdí tó fi jẹ́ oko Radoy. Etí títì ló wà.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo mú ìwé ìwọ̀n lọ bá Brezov ní ọ́fíìsì. Ó tẹ́ táì mẹ́ta sórí tábìlì, aláwọ̀ ewé ni gbogbo wọn.

“Màmá Kerana,” bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Mi ò bí i, mo dúpẹ́. “Èwo ló bá oko mu nínú àwọn yìí?”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ wo ìwé yìí ná. Èyí tí ẹ fín, mọ́kànlélógójì. Èyí tí ẹ ò fín, méjìdínlọ́gọ́ta.”

Ó wò ó fìrí. “Òṣùwọ̀n yín ti gbó.”

“Èmi gbó jù ú lọ. Àwa méjèèjì ò tíì ṣì í wọ̀n rí.”

“Ẹ̀rọ mi ní ewé tí a fín ń ṣiṣẹ́ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ẹ fẹ́ bá ẹ̀rọ jiyàn ni?”

“Mi ò bá ewé jà. Ó ń sè é lóòótọ́. Ta ló ń jẹ ẹ́?”

“Ẹ jẹ́ ká dúró di ìgbà ìkórè, Màmá. Sáyẹ́ǹsì kì í kánjú.”

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń kánjú. Ọjọ́ Ajé lẹ fẹ́ lọ fín oko àbúrò mi.”

Ó gbé táì kan sókè sí ojú fèrèsé. “Àbúrò yín fọwọ́ sí i. Inú rẹ̀ dùn gan-an.”

Mo ti èso kan bọnu, mo fọ́ ọ níwájú rẹ̀, mo tu èèpo sórí táì tó kù. “Ẹ gbọ́ bó ṣe dún?”

“Ṣé ẹ ò ka ìwé ẹnu ilẹ̀kùn ni?”

“Mo kà á. Ẹni tó kọ ọ́ ni kò mọ̀wé.”

Ó ní láti ọjọ́ Ajé lọ, kí n máa lọ ka àpò ní ilé ẹrù, ẹlòmíràn á máa wọn èso. Mo ní kó wá ẹni tó ní eyín.

Láti ibẹ̀ ni mo ti kọjá sílé Radoy, orí òdòdó kan tí wọ́n fín wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀sán ti rọ̀. Òun nìkan ló jókòó sí àgbàlá, ó ń jẹ tòmátò àti wàràkàṣì funfun. Ìyàwó rẹ̀ wà ní Jámánì, ó ń tọ́jú arúgbó kan níbẹ̀. Àwọn àgbá búlúù mẹ́ta náà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tún fi tapolín bò wọ́n kí oòrùn má pa wọ́n. Bó ṣe ń tọ́jú wọn yẹn ló tún bí mi nínú jù.

“Radoy, wọ́n tún ti rí ọ mú.”

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó, ẹ jẹ tòmátò.”

“Mi ò jẹ tòmátò òmùgọ̀. Kí lo fẹ́ fi ìdọ̀tí yìí ṣe sí oko Bàbá?”

“Oògùn ni. Wọ́n ní ewé ò ní gbó, èso á yó.”

“Wọ́n ní. Wọ́n ní ògòǹgò á sọ ọ́ dolówó, o ra mẹ́fà, méjì sá kọjá ẹnubodè lọ sí Romania, mẹ́rin tó kù ta ọ́ nípàá. Wọ́n ní kí o gbin láfẹ́ńdà, òdòdó tí wọ́n fi ń ṣe lọ́fínńdà, ọdún tí gbogbo ayé gbìn ín ni ìwọ náà gbìn ín, kò sẹ́ni tó rà á. Báyìí wọ́n ní ewé. Ta ni kò tíì tàn ọ́ jẹ rí, Radoy? Sọ fún mi kí n lọ pè é wá.”

Ó fi búrẹ́dì sílẹ̀. “Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ọkùnrin yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin, nǹkan lẹ̀ ń wọ̀n.”

“Mo ń wọn nǹkan, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé orí rẹ fúyẹ́.”

Mo ju orí òdòdó yẹn sórí tábìlì, orí òdòdó náà gbá àwo tòmátò dànù, mo sì jáde. Mi ò sọ ohun tí Dókítà Ganeva kọ́ wa. Mi ò sọ mọ́kànlélógójì, mi ò sọ méjìdínlọ́gọ́ta. Mo rò pé ó yẹ kó gbà mí gbọ́ láìsí ìyẹn, nítorí èmi ni ẹ̀gbọ́n, nítorí mo máa ń jàre.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gba ìsinmi ọjọ́ kan, mo gé orí òdòdó méjì sí i, ọ̀kan tí wọ́n fín àti ọ̀kan tí wọn ò fín, mo yọ èso wọn sínú àpò méjì, mo gbé wọn lọ sí ìjókòó iwájú ṣọ́ọ̀bù abúlé wa. Bàbá Tanas àti àwọn arúgbó mẹ́ta mìíràn kì í kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fọ́ èso, kí wọ́n sì máa bú ìjọba. Mi ò sọ fún wọn èwo ni èwo.

“Ẹ bá mi fọ́ àpò méjèèjì yìí,” mo ní. “Ẹ sọ bó ṣe rí.”

Kò pẹ́ rárá. Bàbá Tanas tu èèpo jáde, ó ti àpò kan sẹ́yìn. “Afẹ́fẹ́ lò ń fún mi jẹ, Kerana. Ta ló gbin èyí?”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Sofia ni.”

“Àní ta ló gbìn ín, kì í ṣe ta ló wọṣọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi ń wúkọ́. Inú mi dùn, ẹ má tan ara yín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi fi ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ọkọ̀ ẹrù Radoy dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi tààrà, ó jọ pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́.

“Ọkùnrin aléwé ti dé,” mo ní. “Radoy, sún mọ́ ibí, wá fọ́ ọ wò, bóyá eyín rẹ ṣì mọ ohun tí orí rẹ ò mọ̀.”

Ẹ̀rín tún bẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó yẹn bi í pé ṣé sàláàdì ló fẹ́ máa tà lọ́dún yìí. Òmíràn béèrè àlàáfíà àwọn ògòǹgò rẹ̀ tó wà ní Romania. Radoy dúró láàárín títì, etí rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó wọ ọkọ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ padà.

Bàbá Tanas nìkan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ohùn tútù ló ń yọ obì lápò, Kerana.”

“Obì kọ́ ni mò ń wá,” mo fèsì, mo sì kó àpò mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọmọ àǹtí wa kan pè mí lórí fóònù pé Radoy wà lóko, ó ń fín oògùn. Mo ní irọ́ ni, ọjọ́ Ajé ni. Mo sáré débẹ̀. Ó ti parí hẹ́kítà mẹ́tàlá, ó ń lọ lórí ìkẹrìnlá, katakata rẹ̀ rọra ń rìn, ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń kán tótó. Ó rí mi. Mo mọ̀ pé ó rí mi, nítorí ó gbé fìlà rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú. Mo pariwo orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ariwo katakata gbé e mì. Ó fín in dé ìpẹ̀kun ilà.

Tẹlifíṣọ̀n dé ní ọjọ́ Ajé bí wọ́n ṣe ṣe àdéhùn. Oògùn ti tán, omi lásán ni wọ́n fín fún kámẹ́rà láti yà. Brezov wọ táì, ó fọwọ́ gbá Radoy lẹ́yìn, ó pè é ní àgbẹ̀ ọjọ́ ọ̀la. Ní oṣù kẹsàn-án, gbogbo oko tó yí i ká gbẹ, ó di dúdú, ẹ̀rọ ìkórè kó o lọ. Oko Radoy nìkan ló tutù yọ̀yọ̀, àwọn onímọ́tò ń dúró létí títì láti ya fọ́tò. Òjò oṣù kẹwàá bá a lóko. Nígbà tí ẹ̀rọ ìkórè wọ̀ ọ́ níkẹyìn, èèpo ló ń rọ̀ sínú ọkọ̀, ó fúyẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Brezov wá wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní ilẹ̀ náà ni kò dára, àti pé àgbẹ̀ náà fín in kó tó yẹ. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti gbé e ga, wọ́n ní kó padà sí Sofia wá máa darí gbogbo ilé ìwádìí. Irú wọn kì í já bọ́ sílẹ̀, orí ẹlòmíràn ni wọ́n ń já bọ́ sí. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà, ṣùgbọ́n mo ṣì gbà pé Brezov ló sọ òkò náà, mo gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kejì ọjọ́ tí Radoy fọwọ́ sí ìwé, tó gbé ilẹ̀ Bàbá fún ilé iṣẹ́ ńlá yẹn.

Ọjọ́ yẹn ni mo bá a létí oko. Katakata ńlá ilé iṣẹ́ yẹn ń túlẹ̀, ó sì kọjá lórí ààlà Bàbá láìdúró. Mo lọ dúró ti Radoy. Mo ti ní in lọ́kàn pé mi ò ní bú u lọ́jọ́ náà, mo rò pé oore ńlá nìyẹn.

“Mo sọ fún ọ,” mo ní. Kò kúkú sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mi.

“Ẹ sọ fún mi lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n.”

“O ò gbà mí gbọ́.”

“Mo gbà yín gbọ́.” Kò wo ojú mi. “Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, nígbà tí ẹ lọ tán, mo mú orí tí ẹ jù sílẹ̀, mo fọ́ èso rẹ̀. Mo fọ́ ọ títí mo fi dé àárín rẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni.”

“Kí ló wá dé tí o fi fín in?”

Katakata ti lọ dé òkè, ó ti ń padà bọ̀.

“Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, àgbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi lábẹ́ tapolín. Ilé ìwádìí ni mò ń kó wọn padà lọ. Mo rí yín, mo ní kí n sọ̀kalẹ̀ wá sọ fún yín pé ẹ jàre.”

Mo na ọwọ́ sí apá rẹ̀.

Radoy gbọn ẹrẹ̀ kúrò ní bàtà rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé, kí n má tẹ̀lé òun.